Ọdún Tí Bàbá Bóma Kú Lẹ́ẹ̀kejì

Ọdún tí ìjọba ti ẹnubodè ni bàbá tó bí bàbá mi kú lẹ́ẹ̀kejì, ariwo ṣúgà ló sì ń pa ní gbogbo àsìkò tó fi wà nínú ikú náà. Bí ẹ bá sùn nílé wa nígbà yẹn, ohun tó máa kọ́kọ́ jí yín kì í ṣe àkùkọ. Ṣíbí ni. Bàbá a máa fi ṣíbí ro tíì nínú ife irin rẹ̀, kẹ́ń-kẹ́ń-kẹ́ń, bíi pé ó ń lu aago iléèwé. Ogun Bóma ló ti kọ́ tíì mímu. Àwọn mìíràn lọ sógun, wọ́n gbé ọgbẹ́ bọ̀. Tiwa gbé òùngbẹ bọ̀. Kí ẹnubodè tó tì, Màmá, ìyàwó rẹ̀, ló ń gbé ṣúgà onígun àti mílìkì agolo wálé láti òdìkejì, nítorí ọjà Kútọnu ni Màmá ń tà: ìrẹsì, òróró, tòmátò agolo, ohunkóhun tó bá ti gba ojú kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá. Nígbà tí wọ́n wá fi igi dábùú ọ̀nà, tí sójà jókòó tì í, ṣúgà kọ́kọ́ tán, mílìkì tẹ̀ lé e, ìgbà tó yá tíì fúnra rẹ̀ bá wọn lọ. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í se ewé tíì ẹ̀yìnkùlé fún un, á da omi ògì díẹ̀ sí i kó lè funfun. Bàbá á fi kan ẹnu, á wo Màmá. "Ìyá Ṣẹ́gun, kí lo dà sí eléyìí?" Màmá ò ní gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Mílìkì ni. Màlúù tí wọ́n ti fún un ni ara rẹ̀ ò yá."

Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni mo ti dàgbà, nítorí Èkó ni Ṣẹ́gun bàbá mi àti ìyá mi wà tí wọ́n ń wá owó tí a ò rí. Iléèwé tí mo lọ ò pọ̀. Ìwé kẹta ni mo ti sọ fún tíṣà pé ó dìgbà. Ohun tí mo mọ̀, inú ilé yẹn ni mo ti mọ̀ ọ́n, láàárín ọkùnrin tó ń kí ewúrẹ́ bí ẹni ń kí ọ̀gá sójà, àti obìnrin tó gbà pé kò sí ohun tí ẹnu ò lè tà. Ìwé tí ẹ ń kà yìí, bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ẹ fi ṣe jàrá.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ikú àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ìyẹn ò ní mọ èyí. Kí wọ́n tó bí bàbá mi rárá ni. Nígbà tí Bàbá ń lọ sógun, ìyá rẹ̀ gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, ó dì í sínú aṣọ funfun, ó fi há àjà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní ilé wa: ẹni tó bá ń lọ ọ̀nà jíjìn tí àbọ̀ rẹ̀ ò dájú á fi nǹkan sílẹ̀ lára rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé bí ọ̀ràn bá yíwọ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa sin. Ìgbà tó ṣe, ọkùnrin kan dé láti ogun, ó ní ojú òun báyìí ni Fágbèmí ṣe ṣubú. Fágbèmí lorúkọ Bàbá. Mo lè kọ ọ́ báyìí, ó ti di ẹni ilẹ̀ lóòótọ́, kò sí ohun tí wọ́n tún fẹ́ gbà lára rẹ̀ mọ́. Ilé sunkún, wọ́n gbẹ́lẹ̀ sẹ́yìnkùlé, wọ́n sin aṣọ funfun náà, wọ́n sì pa ewúrẹ́ kan fún àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òkú gbé àpótí rẹ̀ karí, ó wọlé lọ́sàn-án gangan. Gbogbo agbo ilé pariwo pé àkúdàáyà ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gba ojú fèrèsé jáde, fèrèsé náà ò sì fẹ̀ tó o. Ìyá rẹ̀ nìkan ló dúró. Ó bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní kó lá a, nítorí wọ́n ní òkú kì í jẹ iyọ̀. Ó lá a tán, ó bojú wo ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Ewúrẹ́ mi dà?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé alààyè ni. Ewúrẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣòkú rẹ̀, kò sì dárí rẹ̀ jì wọ́n títí ayé.

Àwọn àgbà wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó máa jẹun, kó fẹ́yàwó, kó bímọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ti bá òkú sin ò gbọdọ̀ jáde mọ́. Wọ́n ní Ikú tó gba irun àti èékánná lọ́wọ́ wa mọ orúkọ yẹn dáadáa. Bó bá tún gbọ́ ọ, ó lè wá béèrè ìyókù. Báyìí ló ṣe di Bóma, tó fi di Bàbá Bóma. Mo dàgbà nínú ilé yẹn, mo ń pọn omi fún un, mo ń ha ẹ̀yìn rẹ̀ bó bá ń yún un, mi ò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Màmá tó fẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kò pè é rí, kódà nígbà ìjà, ìjà wọn ò sì kéré.

Inú ọdún tí a ń sọ yìí ni ìlú wa sọ pé àwọn fẹ́ ṣe ohun ìrántí fún àwọn ọmọ wa tó kú sógun. Ẹ má rò pé ìfẹ́ àwọn tó kú ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Sójà ló ń ṣèjọba. Kò sí ìlú láti Ìlaró títí dé Ayétòrò tí kò máa wá bó ṣe máa fi eyín han sójà. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti rà sílẹ̀ kí ẹnubodè tó tì ni wọ́n kó jáde. Jímọ̀ bírìkìlà ló mọ ère náà, Jímọ̀ ò sì mọ nǹkan kan rí láyé rẹ̀ ju áńgẹ́lì orí ibojì àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó jáde ni sójà tó sanra lẹ́rẹ̀kẹ́, tó na ọwọ́ kan sókè bí ẹni ń súre, tó gbé ìbọn bíi ọmọ odó dání. Ibi tí ìyẹ́ ì bá wà lẹ́yìn rẹ̀, Jímọ̀ gbé báàgì sí i. Àwọn ọmọdé ń kúnlẹ̀ fún un bí wọ́n bá ń kọjá. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni pèpéle wà, ara pèpéle náà ni wọ́n máa kọ orúkọ sí. Tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Ayétòrò, tí wọ́n gbé wá kọ́ni nílùú wa, ni akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó kàn máa ń rìn bíi pé ìwé wà lórí rẹ̀ tó lè já bọ́. Òun ló lọ kó orúkọ jọ, Jímọ̀ fi ìṣó kọ wọ́n sára sìmẹ́ńtì tútù, ó gbẹ, ó le bí ojú kọ́sítọ́ọ̀mù.

Nígbà tó gbẹ tán, Tíṣà wá pe Bàbá pé kó wá wò ó, nítorí Bàbá nìkan ni ará Bóma tó kù láàyè nílùú, òun ló máa jókòó síwájú lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Màmá tẹ̀ lé wa. Mo ru àpótí ìjókòó Bàbá. Tíṣà dúró síwájú ère, ó wẹ ọ̀fun, ó ń ka orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn ìwàásù. Ó kà á dé àárín, ó ní, "Fágbèmí Àlàdé. Sùlè Àjàní." Mo rí i tí Màmá fi ọwọ́ méjèèjì bo etí ara rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣe é. Bàbá ní tirẹ̀ ti pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó na àyà, ó dúró gbọnrangandan.

"Ta ló fún ọ ní orúkọ yẹn?" Màmá bi Tíṣà.

"Ìyá Ìsàlẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní àwọn ló mọ gbogbo ẹni tí ogun pa."

Ìyá Ìsàlẹ̀ ni àgbà nínú àwọn ọmọ-osú ìlú, àwọn ọmọbìnrin ilé tó ń mójú tó ìsìnkú, obìnrin tó ti sìnkú tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń kí ènìyàn bíi pé ó ń wọ̀n ọ́n fún pósí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Màmá gbà lọ tààrà, àwa náà ń sáré tẹ̀ lé e. A bá a níbi tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

"Ìyá, ẹ pa mí! Ẹ kọ́ Tíṣà kó kọ baálé mi mọ́ òkú!"

"Ta ni baálé ẹ? Bóma ni àbí òmíràn ti wà?"

"Ẹ mọ ẹni tí mò ń wí."

Ìyá Ìsàlẹ̀ da èèpo ẹ̀gúsí nù. "Ọmọ yẹn bi mí pé ta ni a sin nítorí ogun. Àwọn tí a sin ni mo kà fún un. Mo jẹ nínú ewúrẹ́ rẹ̀. Ṣé ó bi mí pé ta ló padà wá?" Bí mo ti di oníṣòwò báyìí, mo ti rí i pé bí oníbàárà ò bá bi ọ́ bóyá ẹyin yìí ti bàjẹ́, ìwọ náà ò parọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ò ti tòrò. Jímọ̀ ní ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bo ìlà náà. Àmọ́ sìmẹ́ńtì ti tán ní gbogbo agbègbè wa, àwọn tó ń kọ́lé ti fi ilé sílẹ̀ láìní òrùlé, ewúrẹ́ ń sùn nínú pálọ̀ wọn. Ọ̀nà kejì, kí òun fi òòlù àti irin gbẹ́ ẹ kúrò. Bàbá ní òòlù kankan ò ní kàn án. Inú bí Màmá, ó ní ṣé ó ti ń dùn mọ́ wọn láti máa kú ni? Bàbá gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Jímọ̀ kọ ìlà náà sún mọ́ ti Sùlè jù, bí wọ́n bá gbá ọ̀kan, èkejì á fọ́. Sùlè ni ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ lọ, tí wọ́n jọ ń mu nínú ife kan náà, ife irin tí a ń wò yẹn. Ilé wọn ti tú kí ogun tó tán, kò sí ẹni tó fi irun rẹ̀ pamọ́, kò sí ẹni tó sin nǹkan kan fún un; Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ orúkọ rẹ̀ fún Tíṣà. "Ìlà yẹn nìkan ni ilé tó ní láyé," Bàbá wí. "Ẹ fẹ́ lọ fi òòlù kàn án." Màmá kàn bu omi ògì sínú tíì rẹ̀, ó pọ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àmọ́ bí Màmá bá dákẹ́, ẹ máa ṣọ́ra. Ọjọ́ kejì Bàbá wúkọ́ díẹ̀, ikọ́ tó ń wú láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, Màmá sì dìde bí ẹni tí iná jó. Ó ní èmi àtòun ń lọ ra sìmẹ́ńtì. A gba ọ̀nà ìgbẹ́ lẹ́yìn Agosásá, ọ̀nà tí àwọn onífàyàwọ́ mọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá náà mọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé òun mọ̀. Nígbà tí wọ́n tún ti ẹnubodè yẹn lójú mi, tí èmi fúnra mi ń fi ẹ̀yìn ọ̀kadà gbé ìrẹsì, ọ̀nà yẹn náà ni, igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ti tóbi. Ní òdìkejì, oníbàárà Màmá kan wọn sìmẹ́ńtì fún wa sínú bááfù méjì, ńlá fún Màmá, kékeré fún mi, Màmá sì da láfún lé e lórí, ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó fi ẹ̀yìn ìgbákọ na ojú rẹ̀ títí ó fi rẹwà. Wíwúwo rẹ̀! Mo rò pé ọrùn mi á wọnú àyà.

Ibi tí ọ̀nà ti já ni kọ́sítọ́ọ̀mù kan ti yọ sí wa, ọkùnrin gígùn, ó ń jẹ àgbàdo, ó fi Faransé kí wa.

"Bọ́nsuà, ìyá. Kí lẹ rù?"

"Láfún ni, ọkọ mi."

"Láfún ló mú ọmọ yìí tẹ̀ báyìí?"

"Ebi ni. Bó ṣe máa ń tẹ̀ nìyẹn bí kò bá tíì jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ò tíì jẹun, kí Màmá bu díẹ̀ fún òun. Ó mú abọ́ jáde lẹ́yìn igi. Ẹ wò ó, ìjọba fún un ní ìbọn, ó fún ara rẹ̀ ní abọ́. Màmá sọ bááfù kalẹ̀, ó ń fi ìgbákọ re ojú láfún náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń re epo ojú ọbẹ̀. "Ẹ fi kún un, ìyá." Ó re etí kejì. "Ẹ tẹ ọwọ́ bọ inú dáadáa." Mo rí i tí eérú-eérú ti ń yọ lábẹ́ funfun. Màmá gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tì í mọ́ ọn láyà padà. "Ó tó. Láfún ọdún yìí máa ń wú nínú. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ jù, kò ní lè dìde." Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá díẹ̀ bá a lọ nínú eérú-eérú yẹn. Bó bá bá a lọ, ọkùnrin náà á ti ní pèpéle nínú ikùn.

A bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ò bọ́ lọ́wọ́ òjò. Òjò yẹn ò wá pẹ̀lú ìkìlọ̀ kankan. A já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo bááfù, ewé fa ya, omi wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá ṣí bááfù ńlá náà kó tó pe Jímọ̀, ó fi ìka kàn án, ó fi ìkúùkù kàn án. Òkúta ni. Ó ti bá bááfù dì, láfún sì wà lójú rẹ̀ bí ìda, tèmi kékeré náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá wo inú rẹ̀, ẹ̀rín pa á débi pé tíì dà sí i lára. "Ìyá Ṣẹ́gun, o ti mọ èkejì! Èyí tìẹ rèé. Ẹ wá ìṣó wá, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i!" Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bááfù náà, ó na ẹsẹ̀, mi ò rí i kó na ẹsẹ̀ láàárọ̀ rí. Ó ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ṣẹ́ kù sílé." Ẹ̀rín Bàbá tán. Ó mú ife rẹ̀, ó fi ìdí rẹ̀ nu sára ṣòkòtò, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un.

Màmá lọ bẹ Tíṣà pé kó fo orúkọ náà lọ́jọ́ ìṣíṣọ lójú ère náà. Òógùn bo Tíṣà. Ó ní ọ̀gá sójà kan ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, ara òkúta fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá náà á ti ka orúkọ, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ní bárékè. Òun ò lè sọ fún sójà pé kó fo nǹkan. Lọ́dún tí wọ́n ń na àgbàlagbà pé kò tò sórí ìlà, ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Màmá padà sọ́dọ̀ Bàbá. Ó ní bí wọ́n bá pè é, kó má dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn nígbà tí wọ́n ń pe òkú ti bá wọn lọ nìyẹn.

"Bí ọ̀gá bá pe sójà tí sójà ò dáhùn, ó ti sá lójú ogun," Bàbá wí. "Mi ò sá rí."

"Ẹ̀yin tí mo rán lọ ra kerosíìnì tí ẹ sá fún ajá?"

"Ajá yàtọ̀."

"Ṣé ẹ máa dáhùn ni àbí ẹ ò ní dáhùn?"

Bàbá ní òun ò mọ̀. Ó ní ọ̀fun òun ló máa ń dáhùn, òun kọ́. Mo rò pé òótọ́ ló ń sọ.

Lọ́jọ́ náà, pápá iléèwé kún. Bàbá wọ kóòtù rẹ̀, ó fi mẹ́dà rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ ogun, kọ́ àyà, a gbé e sórí àga níwájú. Màmá jókòó tì í, àga tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lé e dìde, kó gbìyànjú. Èmi wà ní ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀gá sójà náà ò sanra tó ti Jímọ̀. Wọ́n ṣí aṣọ lójú ère, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, ìyá kan sì ṣe àmín. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Bó bá pe ọ̀kan, á dákẹ́, á dúró, gbogbo pápá á dákẹ́ bá a, á tún pe òmíràn. Mo ń wo orúnkún Bàbá.

"Fágbèmí Àlàdé!"

Orúnkún náà gbéra. Mi ò parọ́ fún yín, kò tíì ronú, ó ti dìde, ó ti pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, Màmá ti fò dìde, ó ti pariwo, ohùn tó fi ń lé àwọn agbowó-orí lẹ́nu ọ̀nà:

"Kò sí nílé! Ó lọ oko!"

Ọ̀gá sójà wo Màmá, ó wo ọkùnrin arúgbó tó dúró tì í pẹ̀lú ẹnu lílà àti mẹ́dà láyà kóòtù. Kò gbọ́ Yorùbá. Ó yíjú sí Tíṣà pé kí ni obìnrin yìí wí. Tíṣà sọ ọ́ fún un lóyìnbó bó ti rí. Ọ̀gá náà rò ó díẹ̀. Ó sì bi í, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Tíṣà sì tú u fún wa, pé ìgbà wo ni bàbá náà máa ti oko dé?

"Ẹ sọ fún un pé kó pẹ́ kó tó padà wá béèrè," Màmá wí. "Oko náà jìnnà. Iṣẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀."

Ọ̀gá náà mi orí. Kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé ó ní ìyá nílé. Ó yíjú sí òkúta padà, ó pe Sùlè Àjàní, ó sì dákẹ́ bó ti ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó dáhùn fún Sùlè. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ tí wọ́n ṣí lójú ère náà kiri nínú koríko. Bàbá ti pa ẹnu dé, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí bí àwọn sójà ṣe máa ń ṣe é, kò sì jókòó títí wọ́n fi pe gbogbo orúkọ tó kù tán. Màmá náà ò jókòó. Ó di etí kóòtù rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ó wé e mọ́ ọwọ́, bí ẹni di okùn ewúrẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ onílé kejì.